Ta ni a lè pè ní ẹni ẹ̀mí ní tòótọ́?

Akápò Ẹgbẹ́ béèrè pé:

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará nínú Kristi. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ ní ìjọ wa ní Ìbàdàn tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí, nítorí pé ìgbìmọ̀ ìjọ ti ní kí àwa tí a jẹ́ aṣáájú ẹgbẹ́ kọ èrò wa sílẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí. Ẹni tó ń darí ẹgbẹ́ aládùúrà wa ti ṣí lọ sí ìlú mìíràn, a sì ní láti yan ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Orúkọ ẹni méjì ni ó wà níwájú wa.

Èkíní jẹ́ arákùnrin tí gbogbo ìjọ mọ̀ sí jagunjagun nínú àdúrà. Bí ó bá gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní ìṣọ́ òru, kò sí ẹni tí oorun tún ń kùn mọ́. Ó máa ń gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ gbọọrọ, ó ń fi èdè àjèjì sọ̀rọ̀, ó sì ń ríran. Àwọn kan nínú wa lè jẹ́rìí pé ohun tó rí sí wọn ṣẹ. Iṣẹ́ aṣọ rírán ni ó ń ṣe. Ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ti parí ọdún mẹ́ta tí wọ́n jọ fọwọ́ sí nínú ìwé àdéhùn, ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀ kò tíì ṣe fíríìdọ̀ọ̀mù fún un. Ó ní àfi kí ọmọ náà tún fi ọdún kan sin òun, nítorí pé òun rí i nínú ìran pé bí ó bá tètè kúrò, iṣẹ́ náà kò ní gbè é. Ọmọ náà kò ní bàbá mọ́. Ìyá rẹ̀ ń ta iyọ̀ àti iru lẹ́bàá ọ̀nà, kò sì sí nínú ìjọ wa.

Èkejì jẹ́ ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ. Kò fi èdè àjèjì sọ̀rọ̀ létí wa rí, bí wọ́n bá sì ní kó gbàdúrà ní gbangba, kì í pẹ́ tí yóò fi ṣe àmín. Ṣùgbọ́n òun ni ó ń lọ wẹ ìyá arúgbó kan ní àdúgbò wa tí àrùn rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀ ti dá dùbúlẹ̀. Mo bá a níbẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Ó ti ká ìró rẹ̀ sókè dé orúnkún, ó ń fi ṣóńṣó igi ìṣáná yọ ìdọ̀tí abẹ́ èékánná ìyá náà lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn méjèèjì sì ń jiyàn lórí iye tí wọ́n ń ta kóńgò gàrí.

Nígbà tí a dé orí orúkọ rẹ̀ ní ìpàdé, ọ̀kan nínú àwọn alàgbà sọ pé ènìyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni ẹ̀mí. Gbólóhùn yẹn ni kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà náà. Ṣé ó ṣeé ṣe lójú Ìwé Mímọ́ kí ènìyàn jẹ́ ènìyàn dáadáa nínú Kristi láìjẹ́ ẹni ẹ̀mí, kí ẹlòmíràn sì jẹ́ ẹni ẹ̀mí láìjẹ́ ènìyàn dáadáa? Ẹ jọ̀wọ́, n kò wá ẹni tí yóò bá mi bú ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí n kò fi dárúkọ ìjọ tàbí ènìyàn.

Bàbá Ìjẹmọ̀, Abẹ́òkúta, dáhùn pé:

Akápò, ẹ kú àníyàn iṣẹ́ Olúwa. Ìbéèrè yín kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kọ́ríńtì ni kí a ti kọ́kọ́ wò ó, nítorí pé kò sí ìjọ kankan nínú Májẹ̀mú Tuntun tó dà bí ẹgbẹ́ aládùúrà tòde òní tó wọn. Nínú orí kìíní ìwé àkọ́kọ́ tí Pọ́ọ̀lù kọ sí wọn, ó jẹ́rìí pé kò sí ẹ̀bùn kankan tí wọ́n ṣaláìní. Wọ́n ń fọ èdè, wọ́n ń sọ àsọtẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tó máa fi di orí kẹta, ó ní òun kò lè bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni ti ẹ̀mí, bí kò ṣe bí ẹni ti ara. Kò sọ pé àdúrà wọn kúrú ni. Ìlara àti ìjà tó wà láàárín wọn ni ó tọ́ka sí. Nígbà tó sì dé orí kọkànlá, ó bá wọn wí nítorí oúnjẹ alẹ́ Olúwa, níbi tí ebi ti ń pa ẹnì kan tí ọtí sì ti ń pa ẹlòmíràn, tí àwọn tó ní sì ń dójú ti àwọn tí kò ní. Ẹ ò rí i pé ìdáhùn sí apá kejì ìbéèrè yín wà níbẹ̀: ẹ̀bùn lè pọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn kí ó sì ṣì jẹ́ ti ara.

Ilẹ̀ wa náà ní ìtàn tó bá èyí mu, ó sì ń dùn mí pé a kì í fi kọ́ àwọn ọmọ wa ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Ní ọdún 1864 ni wọ́n fi Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Láti 1857 ni ó ti ń darí iṣẹ́ ìhìnrere lẹ́bàá Odò Ọya, àwọn ọmọ Áfíríkà bíi tirẹ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti Sàró wá, ni wọ́n sì ń bá a ṣe é. Nígbà tó fi máa di 1890, tí bàbá náà ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé sẹ́nu iṣẹ́ náà lábẹ́ ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS (Church Missionary Society). Graham Wilmot Brooke àti J. A. Robinson wà lára wọn. Ẹ̀kọ́ ìgbé ayé mímọ́ tó ń ti àpéjọ ọdọọdún ìlú Keswick jáde nígbà náà ti wọ̀ wọ́n lára ṣinṣin.

Ẹ má ṣe rò pé àgàbàgebè ni wọ́n. Wọ́n ń gbàdúrà tọkàntọkàn, wọ́n kọ ìdẹ̀ra sílẹ̀, wọ́n ń wọ aṣọ bí àwọn Haúsá ní Lọ́kọ́ja, wọ́n sì kú sẹ́nu iṣẹ́ náà, Robinson ní 1891, Brooke ní 1892. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wo àwọn òṣìṣẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù, agbára káká ni wọ́n fi rí ẹyọ ẹnì kan tí wọ́n lè pè ní ẹni ẹ̀mí. Òótọ́ ni pé àléébù wà: àwọn kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà ń ṣòwò, ìwà àwọn mìíràn sì kù díẹ̀ káàtó. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí wọ́n dá kò mọ sí orí àwọn tó jẹ̀bi. Ní ìpàdé ìgbìmọ̀ tí wọ́n ṣe ní Onitsha ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, wọ́n dá èyí dúró, wọ́n lé tọ̀hún lọ, títí kan Áṣídíákónì Dandeson Crowther, ọmọ bíbí Bíṣọ́ọ̀bù, lójú bàbá rẹ̀ tó jókòó síbẹ̀. Bàbá náà fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1891 ni ó kú ní Èkó, òyìnbó ni wọ́n sì fi rọ́pò rẹ̀. Ọdún 2014 ni Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury tó wà lórí oyè nígbà náà, Justin Welby, tó tọrọ àforíjì ní gbangba lórí ọ̀rọ̀ náà nínú ìsìn ìdúpẹ́ àti ìrònúpìwàdà.

Èrò tèmi ni pé àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wọ̀nyẹn ní ìtara, wọ́n sì ní ìfọkànsìn, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ ìfọkànsìn náà di òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ẹlòmíràn, kò sì sí ẹni tó ń wọn àwọn náà. Wọn kò bi ara wọn bóyá ìwà pẹ̀lẹ́ àti ìpamọ́ra, tí Pọ́ọ̀lù kà mọ́ èso ti Ẹ̀mí nínú ìwé Gálátíà, hàn nínú bí wọ́n ṣe bá arúgbó náà lò. Alàgbà yín tó sọ pé ìyá ẹlẹ́kọ kì í ṣe ẹni ẹ̀mí, ẹ bi í léèrè lọ́nà pẹ̀lẹ́, èwo nínú èso mẹ́sẹ̀ẹ̀sán yẹn ni kò rí lára rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Iléṣà, dáhùn pé:

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Ìjẹmọ̀. Mo jàǹfààní nínú ọ̀rọ̀ yín, mo sì gbà pẹ̀lú yín dé àyè kan. Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí ni pé bí a bá sọ̀rọ̀ báyìí tán, àwọn ọmọ wa a máa rò pé àdúrà gígùn àti ààwẹ̀ jẹ́ nǹkan tí àwọn ẹlẹ́tàn ń ṣe. Ìjọ Àpọ́sítélì Kristi ni wọ́n bí mi sí, n kò sì lè bá ẹnikẹ́ni dákẹ́ lórí ìyẹn.

Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn lúkúlúkú (influenza) jà nílẹ̀ yìí ní 1918, tí wọ́n ti ilé ìjọsìn pa, àwọn kan nínú ìjọ Áńgílíkà St Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n fi àdúrà kojú rẹ̀, láti ibẹ̀ sì ni ohun tí a ń jẹ lónìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1930, Joseph Ayo Babalola, tó ń wa ẹ̀rọ tí ìjọba fi ń tẹ ọ̀nà kí ìpè Ọlọ́run tó bá a ní 1928, dúró ní Òkè-Oòyè níbí ní Iléṣà, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn sì wá sọ́dọ̀ rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn òbí wa àgbà bu omi àdúrà lọ sílé nínú agbè. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé ariwo lásán ni gbogbo ìyẹn, mo mọ̀ pé irọ́ ni. Jésù pàápàá fi gbogbo òru gbàdúrà lórí òkè kí ó tó yan àwọn méjìlá, Pọ́ọ̀lù sì dúpẹ́ pé òun ń fọ èdè ju gbogbo ará Kọ́ríńtì lọ.

Nítorí náà, n kò rò pé kí ẹ fi ìyá ẹlẹ́kọ gún ìṣọ́ òru lójú. Ẹ wo Jésù náà nínú Lúùkù orí kẹfà: lẹ́yìn òru yẹn, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó sọ̀ kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, gbogbo àwọn aláìsàn sì ń wá ọ̀nà láti fọwọ́ kàn án, nítorí agbára ń ti ara rẹ̀ jáde. Àdúrà ló sọ ọ́ kalẹ̀ sáàárín wọn. Ẹni tó bá gbàdúrà mọ́jú tí òwúrọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ẹni tó sùn, tàbí tó tilẹ̀ burú jù ú lọ, mo máa ń fẹ́ mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ ní gbogbo òru náà.

Ọ̀rọ̀ ìran tí arákùnrin yẹn rí ni ó kàn mí jù. Láàárín àwọn aríran ni mo ti dàgbà. Ní ìjọ tí mo ti ṣe ọmọdé, bí wọ́n bá rí ìran fún ọ, o kọ ọ́ sínú ìwé, àwọn àgbà a sì gbé e yẹ̀ wò. Bí ìran náà bá sì jẹ́ èyí tí èrè rẹ̀ yóò bọ́ sápò ẹni tó rí i, aríran mìíràn tí kò gbọ́ nípa rẹ̀ ni wọ́n máa ń pè láti gbàdúrà sí i. Wọ́n kò hùwà bẹ́ẹ̀ nítorí àìgbàgbọ́. Pọ́ọ̀lù ló ní kí wòlíì méjì tàbí mẹ́ta sọ̀rọ̀, kí àwọn ìyókù sì máa ṣe ìdájọ́. Ta ló ṣe ìdájọ́ ìran tó sọ ọmọ ọlọ́mọ di ẹrú fún ọdún kan sí i?

Akápò Ẹgbẹ́ tún kọ̀wé pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Kò sí ẹni tó ṣe ìdájọ́ rẹ̀. Àwọn tó ń ti arákùnrin náà lẹ́yìn sọ pé ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ìjọ, àti pé a kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ òwò díwọ̀n ìpè Ọlọ́run. Ṣé ẹnikẹ́ni wà níbí tó mọ bí iṣẹ́ kíkọ́ ṣe ń lọ, kí ó là mí lóye bóyá mo ń sọ iṣu di òkè?

Télọ̀ Mushin dáhùn pé:

Ẹ kú ìnáwó ọpọlọ, sà. Iṣẹ́ yìí ni mo ń ṣe, mo sì ti tú ọmọ iṣẹ́ sílẹ̀ bí mélòó kan. Ẹ kò sọ iṣu di òkè rárá.

Kí n tó sọ ti Bíbélì, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn alàgbà kò mọ̀ ọ́n. Ní ọdún àkọ́kọ́, ọmọ iṣẹ́ ń gbálẹ̀, ó ń yọ òwú, ó ń pọn omi, ó ń lọ aṣọ. Ó ń ná ọ̀gá ní wàhálà ju bó ti ń ṣe é láǹfààní lọ. Nígbà tó bá di ọdún kẹta, ọwọ́ rẹ̀ ti yá, ó lè gé kaftan kí ó sì rán an parí láìsí pé ọ̀gá dìde lórí àga. Ìgbà yẹn gan-an ni ojú kòkòrò máa ń wọ inú ọ̀gá. Ọdún kan tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fi kún un, owó iṣẹ́ òṣìṣẹ́ tó já fáfá ni ọ̀gá rẹ̀ ń kó sápò láìsan nǹkan kan. Ìgbà mìíràn sì wà tó jẹ́ pé owó fíríìdọ̀ọ̀mù ni kò sí: ọ̀gá ti ka oúnjẹ, ohun mímu àti owó ẹgbẹ́ télọ̀ sílẹ̀, ìyá ọmọ kò sì lágbára rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wádìí èyí. Bí ó bá jẹ́ pé owó ló fa ìdádúró náà, ìjọ lè dá a láàárín ara wọn, kí ọ̀gá sì gbé sísọ́ọ̀sì àti téèpù lé ọmọ náà lọ́wọ́, kí ó gbàdúrà fún un, kí ó jẹ́ kó máa lọ.

Àwọn tó sọ pé ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ìjọ, ẹ ní kí wọ́n ka Aísáyà orí kejìdínlọ́gọ́ta láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ ń bi Ọlọ́run pé èéṣe tí àwọn fi gbààwẹ̀ tí kò sì rí i. Ìdáhùn tí wọ́n gbà ni pé ní ọjọ́ ààwẹ̀ wọn gan-an, ìfẹ́ inú ara wọn ni wọ́n ń wá, wọ́n sì ń ni àwọn òṣìṣẹ́ wọn lára. Lẹ́yìn náà ni Olúwa sọ irú ààwẹ̀ tí òun yàn: kí a tú ìdè ìwà búburú, kí a jẹ́ kí ẹni tí a ń ni lára lọ lómìnira. Bí mo bá ń ka ibẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù mi, ojú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ni mo máa ń wò. Jákọ́bù náà, nínú orí karùn-ún, ní owó ọ̀yà tí a fi ẹ̀rú dá dúró lọ́wọ́ àwọn tó ṣiṣẹ́ oko ń ké, igbe wọn sì ti dé etí Olúwa. Nígbà tí Sákéù, olórí agbowó òde, gba Jésù sílé, kò tíì kọ́ bí a ṣe ń gbàdúrà gígùn. Ìdajì ẹrù rẹ̀ ni ó ní òun yóò fún àwọn tálákà, kí òun sì san án ní ìlọ́po mẹ́rin fún ẹni tí òun bá ti fi èké gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Jésù kò sọ fún un pé ọ̀rọ̀ owó bodè yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ìgbàlà.

Bí Pọ́ọ̀lù ṣe ń to ohun tí ó yẹ kí a rí lára alábòójútó ìjọ fún Tímótì, ó fi kún un pé ẹni náà gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí rere lọ́dọ̀ àwọn tí ń bẹ lóde. Ìyá ọmọ yẹn tó ń ta iru wà lára àwọn tí ń bẹ lóde. Ṣé ìgbìmọ̀ yín lè gbọ́ ẹ̀rí lẹ́nu rẹ̀?

Bàbá Ìjẹmọ̀ tún kọ̀wé pé:

Télọ̀, ọ̀rọ̀ yín gún régé. Nǹkan kan péré ni mo fẹ́ fi kún un, kí a má baà gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀ kí a tún gbé òmíràn kọ́. Farisí inú Lúùkù orí kejìdínlógún kì í ṣe aláìṣòótọ́ nínú owó. Ó ń san ìdámẹ́wàá, kò sì rẹ́ni jẹ. Síbẹ̀ agbowó òde ni ó lọ sílé ní ìdáláre. Wíwẹ arúgbó náà lè di ohun tí a fi ń yangàn, bí ìjọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ fún un. Jésù ní ẹ̀ka kò lè so èso fún ara rẹ̀ bí kò ṣe pé ó ń gbé inú àjàrà. Nítorí náà, n kò ní gbà kí a sọ pé iṣẹ́ àánú nìkan ni ìgbé ayé ẹ̀mí. Ohun tí mo ń sọ ni pé a kò ní ọ̀nà mìíràn láti mọ̀ pé ẹ̀ka wà lára igi ju kí a wo ohun tó so, ó sì gba àkókò kí èso tó yọ. Ẹ̀bùn lè bọ́ sí ènìyàn lọ́wọ́ ní òru ọjọ́ kan. Ìpamọ́ra kì í yá bẹ́ẹ̀.

Mo sì tún fẹ́ kí ẹ ṣàánú arákùnrin yẹn. Gálátíà orí kẹfà ní bí a bá mú ẹnì kan nínú ìṣubú, kí ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ti ẹ̀mí mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ bọ̀ sípò ní ẹ̀mí ìwà tútù. Ọ̀rọ̀ tó tọ́ sí ẹ̀yin náà nìyẹn, Akápò. Kí ìpàdé tó dé, kí ẹ̀yin àti alàgbà kan tó bọ̀wọ̀ fún lọ bá a nílé, kí ẹ sì bá a sọ̀rọ̀ ọmọ náà láìmẹ́nu kan ọ̀rọ̀ ipò rárá. Ìdáhùn tó bá fún yín yóò sọ púpọ̀ fún ìgbìmọ̀.

Ìyá Ìbejì tún kọ̀wé pé:

Àmín sí ti Bàbá. Èmi kàn fẹ́ béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ Akápò: nínú gbogbo àlàyé yín, n kò rí ibi tí ẹnikẹ́ni ti bi ìyá ẹlẹ́kọ léèrè bóyá ó fẹ́ iṣẹ́ náà. Ẹni tó ń dáná ẹ̀kọ láti ìdájí, tó sì tún ń lọ wẹ arúgbó, bóyá ni ó ní agbára ìṣọ́ òru ọjọ́ Ẹtì. Bí ó bá gbà á, kí ìjọ wá ẹni tí yóò máa bá a wẹ ìyá náà. Bí kò bá sì gbà á, kí alàgbà yẹn má ṣe fi ìyẹn jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ tún bá mi kí i, kí ẹ sì bá mi ra ẹ̀kọ mẹ́wàá fún ìyá tó dùbúlẹ̀ náà. Mo máa fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín lónìí.